Ọrùn tó ń sú kókó: ṣéfìn sítíìkì onírin wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ti fi ṣéfìn sítíìkì oníke tó ní abẹ mẹ́ta fárùngbọ̀n, tó bá máa fi di ọjọ́ kejì, ọrùn mi á ti sú kókó wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kí n lọ ra onírin tí wọ́n ń ki réésà bọ̀. Ṣé ó máa wò ó?

Ìdáhùn: Ó máa dín kù dáadáa, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa tán pátápátá. Irun tiwa ló ká. Tí wọ́n bá gé e, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó, á ká padà, á wá gún ẹran ara, ibẹ̀ á sì wú. Abẹ mẹ́ta yẹn ló ń dá kún un: àkọ́kọ́ á fa irun jáde díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, kùkùté rẹ̀ á sì sá wọ abẹ́ awọ. Réésà kan ṣoṣo kì í fà á tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun náà o. Láti 1903 ni iléeṣẹ́ King Gillette ti ń tà á ní Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Oríṣiríṣi ni mo rí. Òmíràn ní eyín bí òòyà, òmíràn ò ní. Òmíràn, ẹ̀ẹ́ yí ìdí rẹ̀ kí orí tó ṣí.

Ìdáhùn: Èyí tí kò léyín ni kí ẹ mú. Eléyín dáa fún ẹni tó máa ń jẹ́ kí irùngbọ̀n gùn kó tó fá a, torí irun á gba àárín eyín kọjá. Ẹ ki réésà bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹnu réésà àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀: bó bá ṣe fẹ̀ sí ni yóò ṣe le sí lára. Ẹ tún wò ó bóyá réésà yọ lọ́gbọọgba lápá méjèèjì. Tí apá kan bá yọ ju èkejì lọ, ẹ tú u, kí ẹ tún un tò.

Onídìí yíyí yẹn wuni lóòótọ́, àmọ́ ọṣẹ máa ń há sí ìdè rẹ̀. Èyí tó ṣeé tú sí mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Mühle R89 ti Jámánì jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ wo ọjà àlòkù kẹ́ ẹ tó ra tuntun: Gillette Tech àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò sì le lára rárá.

Ìbéèrè: Mo ti rà á o, síbẹ̀ ó ń gé mi lábẹ́ àgbọ̀n. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Réésà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, torí òun ló ń gé irun. Mímú wọn ò dọ́gba. Ẹ ra oríṣi mélòó kan ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo èyí tó bá ara yín mu. Tó bá ti ń fa irun, ẹ sọ ọ́ nù.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín. Ẹni tí oníke ti mọ́ lára máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ onírin. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ìwúwo rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ gbé orí rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wá rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tó ń gé irun, ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kó dúró. Abẹ́ àgbọ̀n, ibi tí irun kọjú sí lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fìka wò ó, ibi tó bá dorí kọ ni kẹ́ ẹ fá a sí. Ẹ má fá a lòdì sí ibi tó kọjú sí. Ibi tó bá sì ti sú, ẹ fi í sílẹ̀ kó jinná ná.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ńkọ́, ṣé a lè jọ máa lò ó?

Ìdáhùn: Sítíìkì, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Réésà, rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè kó HIV tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú ranni. Èyí tẹ́ ẹ bá lò tán, ẹ jù ú sínú agolo onídèérí, kó má baà ya ẹni tó ń kólẹ̀ lọ́wọ́.