Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú bí a ṣe ń ka Efúnṣetán

Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ló mú Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, le tó bẹ́ẹ̀, kí n tó panu dé, ọwọ́ ti ń lọ sókè: "Torí pé kò rọ́mọ gbé jó ni, mà!" Wọn ò parọ́. Ìdáhùn yẹn kàn kéré ni.

Nínú eré Efúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́kàn Ìyálóde lóòótọ́. Ó ṣòfin pé ẹrú òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn obìnrin tó ń sunkún ọmọ n'Íbàdàn ìgbà náà ló bẹ́ ẹnikẹ́ni lórí? Efúnṣetán lówó, ó lẹ́rú rẹpẹtẹ, ó sì joyè débi pé ẹni tó lè dá a lọ́wọ́ kọ́ ò pọ̀. Ẹ má ka ìbànújẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wá fo agbára rẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí àánú máa ń gbé lọ. Mo ti gba àròkọ kan rí, ojú ewé kan ààbọ̀, tó ń bá Ìyálóde dárò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ Adétutù ò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Pé a mọ ohun tó ń dun èèyàn kò ní ká gbàgbé ẹni tí ìyà jẹ nítorí ìrora náà.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni ti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. Torí pé òun ló wá ká Efúnṣetán mọ́lé, àwọn òǹkàwé a sọ ọ́ di olùgbàlà ẹrú. Ẹrú kún ilé àwọn ológun Ìbàdàn fúnra wọn. Ẹ wo ẹ̀sùn mẹ́ta tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Látòósà fi kàn án ní 1874: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Ta ló gbọ́ orúkọ ẹrú níbẹ̀? Nítorí náà, bí Látòósà bá ń sọ̀rọ̀ nínú eré, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni yóò jẹ níbẹ̀ bí Ìyálóde bá ṣubú.

Ẹ má sì po eré pọ̀ mọ́ ìtàn. Johnson ní Efúnṣetán bí ọmọbìnrin kan, tó kú sórí ìkúnlẹ̀. Ó ní ẹrú rẹ̀ méjì ni wọ́n lò láti pa á lóru. Nínú eré, májèlé ló fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, kó má baà di ẹrú Látòósà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ikú kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa rẹ̀.

Ọmọ kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́ níbi tá a dé yìí. "Mà, ṣé ó wá yé e nígbà yẹn pé ohun tóun ń sá fún lòun ti ń fi Adétutù ṣe?" Mo ní kó lọ kọ àròkọ rẹ̀ lórí ìyẹn.