Bí a ṣe ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń rìn nínú ìgbà méjì

Àlàyé yìí wà fún ẹni tó ti kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tàbí méjì, tí àwọn òǹkàwé ti mọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ dunjú, tó wá fẹ́ kí ìwé tó kàn tú àṣírí òkú àtijọ́ kan. Wọ́n pa ẹnì kan láyé àwọn bàbá wa, wọ́n tún pa ẹlòmíràn lóde òní, ọ̀ràn kan náà ló sì bí ikú méjèèjì. Mo máa ń bá àwọn òǹkọ̀wé ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ka irú ìwé báyìí kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ibì kan náà ló ti máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Ohun èlò kò pọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ kan tó nípọn, bírò pupa, bírò búlúù, kàlẹ́ńdà ògiri tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, àti páálí índómì. Ẹ gé páálí náà sí wẹ́wẹ́ kó tó àtẹ́lẹwọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, páálí kan. Bírò pupa ni ti àtijọ́, búlúù ni ti òde òní. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó funfun, kí ẹ sì gbé e kọ́ ògiri. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kò fẹ̀ tó kí ènìyàn rí ìgbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná sì lè lọ nígbàkígbà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti tẹ ìtàn, ara ògiri ni kí ẹ ti ṣètò rẹ̀.

Ẹ mú ọdún kí ẹ tó mú òkú

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló máa ń kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tó kú. Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí ọdún ló ń sọ ẹni tó ṣì lè wà láàyè láti jẹ́wọ́. Ká ní wọ́n pa òṣómàáló kan, oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn, ní Iléṣà ní 1968, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín sì ń tú ọ̀rọ̀ náà ní 2024. Ọdún 56 ló wà láàárín. Ọmọ ọdún 10 tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ti di ẹni ọdún 66. Apànìyàn tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà náà ti di ẹni 81: ó ṣì lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa parọ́ fún àlejò, ṣùgbọ́n kò lè fo ògiri lóru lọ pa ẹni kejì. Tí òkú kejì bá wà lóde òní, a jẹ́ pé ọwọ́ tó kéré sí tirẹ̀ ló ṣe é, bóyá ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí kò fẹ́ kí orúkọ ilé bàjẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ orí gbogbo ènìyàn sí ẹ̀yìn páálí wọn, nínú ìgbà méjèèjì.

Ìṣirò yìí kan ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Tó bá jẹ́ 1986 ni ẹ ní ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọdún 35 rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ pé ní 2021, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì, àfi tó bá ti kọ́kọ́ pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Nínú ìwé tó ṣẹlẹ̀ ní 2024, kò lè pàṣẹ kí wọ́n ṣí mọ́ṣúárì fún un mọ́. Ẹ má bá òfin yìí jà, ẹ lò ó. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, kó jókòó tì wọ́n, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti ń jáde.

Ẹ tún ní ìwé kan lọ́tọ̀ tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ ti sọ nínú àwọn ìwé tó ṣáájú sí: ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún, mọ́tò tó ń wà, àwọn òkú inú ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń rántí nǹkan wọ̀nyí ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Ẹ mọ ayé tí ẹ ń kọ

Ní 1968, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni owó wa. Tọ́rọ́ wà, sísì wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Apá òsì ni gbogbo mọ́tò ń gbà títí di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nítorí náà ẹni tí mọ́tò gbá ní 1968 kì í wo ibi tí ẹ̀yin máa wò lónìí kó tó sọdá. Kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kó tó di 1991. 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó wá sí Ilé-Ifẹ̀, 1987 ni wọ́n sì sọ orúkọ Awólọ́wọ̀ mọ́ ọn. Ọba Adéṣọjí Adérẹ̀mí ló wà lórí ìtẹ́ Ọọ̀ni láti 1930 títí di 1980. Kí ẹnikẹ́ni má yọ fóònù alágbèéká nínú àpò ṣáájú 2001.

Ẹ lè lọ ka ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU. Tí agbára bá wà, ẹ dé ilé ìkówèépamọ́sí ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Tí owó ọkọ̀ kò bá sí, àwọn àgbà wà ládùúgbò, wọ́n sì dáa jù ú lọ fún ohun tí ìwé ìròyìn kì í kọ. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ mú búrẹ́dì dání. Kí ẹ má sì béèrè pé, “Mọ́mì, báwo ni 1968 ṣe rí?” Wọ́n á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ béèrè irú àtùpà tí wọ́n ń tàn, ẹni tó ń pọnmi, aago tí ilẹ̀kùn ilé ń tì, ẹni tó máa ń pẹ́ kó tó wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ayé náà dáadáa, àṣìṣe tí ẹ̀yin ń sá fún lè di ti apànìyàn. Ẹ wo ìwé gbèsè òṣómàáló wa yìí. Ewé rẹ̀ ti pọ́n, aáyán ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ onígbèsè wà lápá òsì, iye ọ̀pá aṣọ tẹ̀lé e, ìlà mẹ́ta sì gùn wálẹ̀ lápá ọ̀tún, fún pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀. Ojú ewé kan wà tó ní déètì oṣù kẹwàá 1968, tí ẹnì kan jẹ ṣílè 12, tó tún gba aṣọ ṣílè 11 kún un. Ṣílè 23 nìyẹn, ogún ṣílè ló sì ń di pọ́n-ùn: pọ́n-ùn 1 àti ṣílè 3 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 3. Òṣómàáló kò lè ṣi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ka owó ní mẹ́wàá mẹ́wàá ló kọ ojú ewé yẹn, lẹ́yìn tí náírà ti dé, kó lè dà bíi pé ẹlòmíràn ló jẹ olóògbé lówó. Òǹkàwé tó bá dàgbà máa rí i kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó rí i, inú rẹ̀ á sì dùn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìwé kan sọnù, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti 1997 sí 2000 jó ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀lú ohun tó wà nínú wọn. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlú kankan ṣe apànìyàn. Àwọn tí ilé wọn jó ń ka ìwé yín.

Ojú ìsopọ̀

Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé á fi ìgbà àtijọ́ han òǹkàwé tán pátápátá: ọwọ́ tó gbé ọ̀bẹ, ojú tó wò, ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá fi ọgọ́rùn-ún ojú ìwé wá ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ láti àná. Òǹkàwé á pa ìwé dé. Kò sí èdè dídùn tó lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ là.

Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé nìyí, tí mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rú u: ìgbà àtijọ́ ni kó sọ ìdí, òde òní ni kó sọ orúkọ. Ẹ jẹ́ ká rí ìbínú, gbèsè, ilẹ̀ kòkó tí wọ́n ń jà sí, àyà tó já. Ẹ má jẹ́ ká mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹni tí kò mọ ohun tó rí máa sọ ìtàn àtijọ́ náà. Ẹ fi ọmọ kékeré ṣe é. Wọ́n rán an lọ ra karosínì, ó dé etí kànga, ó rí ẹnì kan tó ń fọ ẹsẹ̀ lóru. Ó sọ ohun tó rí fún wa láìfi kún un, nítorí kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ọmọ náà. Tó bá rí ojú ẹni yẹn tí kò sọ fún wa, ẹ ti rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ohun tó bá rí, kó sọ ọ́. Ibi tó dúró sí ni kí ẹ fi dí i lójú: ó ṣókùnkùn, ẹni náà kọ ẹ̀yìn sí i.

Orúkọ ló kù, òun gan-an ló sì le jù. Ẹni tó wà ní 1968 gbọ́dọ̀ wà ní 2024 láìjẹ́ pé a dá a mọ̀. Mo ti rí àwọn tó fún ènìyàn wọn ní irùngbọ̀n, àpá ojú, àní ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹ má wá nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹni kan nínú wa lè jẹ́ orúkọ márùn-ún láìpurọ́. Orúkọ wà tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, orúkọ wà tó gbà nígbà ìrìbọmi, oríkì wà tí ìyá rẹ̀ ń pè é, orúkọ wà tó ń jẹ́ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ti yọ Ògún kúrò nínú orúkọ bàbá wọn, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Àdùkẹ́ tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní 1968 ni gbogbo àdúgbò Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ sí Ìyá Ìjọ ní 2024. Kò sẹ́ni tó parọ́, ilé ayé ló yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹ jẹ òǹkàwé. Orúkọ tó so ìgbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó sọ̀rọ̀. Oríkì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹni tó dàgbà ju ènìyàn lọ ló sábà máa ń fi pè é. Ní orí kẹta, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ gbọ́ ohùn Ìyá Ìjọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Àdùkẹ́, ṣé o ti jẹun?” Wọ́n gbé oúnjẹ wọlé, ọ̀rọ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, láàárín oúnjẹ, kí ó má gba ju ìlà kan lọ. Ẹ má fi í parí orí ìwé, torí gbogbo ohun tó bá parí orí ìwé ni òǹkàwé máa ń fura sí.

Tí ìyẹn bá ti dúró, ìyókù rọrùn. Orí kan àtijọ́, orí méjì òde òní. Kí ti àtijọ́ kúrú. Ẹ kọ ìgbà àtijọ́ látòkèdélẹ̀ kí ẹ tó kọ òde òní, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé e, kí ẹ fi há àárín rẹ̀. Ẹni tó ń kọ méjèèjì pọ̀ lójúmọ́ kan máa ń jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba. Kí àwọn ará Iléṣà àtijọ́ fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀ níbi tí inú bá ti ń bí wọn, kí èyí tó kù jẹ́ Yorùbá tí gbogbo wa ń kà.

Ẹ wá òǹkàwé méjì kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé: ẹnì kan tó ti ka gbogbo ìwé yín, ẹnì kan tí kò ka ìkankan. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú ewé tí wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí apànìyàn, àti ibi tí wọn kò ti mọ ìgbà tí wọ́n wà mọ́. Tí ẹni tí kò ka ìkankan bá ń béèrè ẹni tí ìyàwó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́, ìlà kan ni kí ẹ fi kún un. Tí ẹni tó ti ka gbogbo rẹ̀ bá mọ apànìyàn kí ìwé tó dé ìdajì, ẹ kó páálí yín jáde kí ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n pe oríkì náà. Ó sábà máa ń ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ yọ èyí tó lé.