Bakitéríà Kì Í Ṣe Kọ́pà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Rẹ̀ Jẹ́ Nínú Oko Kòkó

Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kòkó á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi. Àmì kékeré kan ló máa kọ́kọ́ yọ lára èso, bíi pé omi gbígbóná ta sí i. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo èso náà lè ti dúdú, kí ohun funfun sì bò ó. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Phytophthora ló ń fà á, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní megakarya ló sì le jù lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Owó oògùn kọ́pà tí wọ́n ń fín láti dènà àrùn yìí ti sú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yíjú sí bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń bá àrùn jà, pàápàá Bacillus subtilis. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó, owó wọn ló ń bómi lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń po bakitéríà pọ̀ mọ́ kọ́pà nínú pọ́ǹpù kan náà, kí iṣẹ́ lè yá. Kọ́pà kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, ó lè pa bakitéríà náà. Lóòótọ́, Bacillus máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú kóró líle tó lè fara da ìyà, ṣùgbọ́n kóró tó ń sùn kì í jà. Ìgbà tó bá jí ni kọ́pà lè mú un. Kódà pọ́ǹpù tí ẹ fi fín kọ́pà lánàá, tí ẹ kò fọ̀ dáadáa, lè ba iṣẹ́ tòní jẹ́.

Ẹ má sì dúró títí kòkó yóò fi dúdú. Èso tí àrùn ti wọ inú rẹ̀, ẹ já a kúrò, bakitéríà kò lè wò ó sàn. Ó ní láti kọ́kọ́ ráyè lára èso, kó máa jẹ oúnjẹ tí àrùn ìbá jẹ, kó sì máa tú àwọn èròjà bí iturin àti fengycin jáde, èyí tó ń dá ihò sára ọ̀tá. Nígbà tí èso ṣì kéré, kí òjò tó le, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kó pẹ́ lára èso.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Phytophthora kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì gan-an, àwọn ohun bí ewé tó ń hù nínú òkun ló bá tan. Ara fọ́ńgọ́ọ̀sì ní èròjà líle kan tí wọ́n ń pè ní chitin, àmọ́ èròjà mìíràn, ìyẹn cellulose àti àwọn ìbátan rẹ̀, ló pọ̀ jù lára Phytophthora. Bakitéríà tí wọ́n ń yìn nítorí pé ó ń jẹ chitin lè má rí nǹkan kan ṣe sí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: ṣé wọ́n ti dán èyí wò lórí àrùn kòkó dúdú, àbí lórí tòmátì nìkan? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Èyí tí ẹnì kan fi ilẹ̀ àti ṣúgà pò nílé, ẹ fi sílẹ̀. Ta ló mọ ohun tó hù nínú rẹ̀?

Omi ẹ̀rọ tó ní klorínì, ìyẹn oògùn apakòkòrò inú omi, kò dáa fún pípo bakitéríà náà, omi kànga ló sàn jù.

Àwọn mìíràn fín bakitéríà tán, wọ́n wá fi òkìtì èèpo kòkó sílẹ̀ lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àrùn ń sá pamọ́ sí. Megakarya lè pẹ́ nínú ilẹ̀, òjò á ta á sára èso tó wà nísàlẹ̀, èèrà á sì gbé erùpẹ̀ rẹ̀ gòkè lọ fi kọ́lé sára èso. Ẹ wo ìdí èso dáadáa, ẹ óò rí erùpẹ̀ náà. Torí náà, ẹ kó èèpo jìnnà sí oko, ẹ gé ẹ̀ka tó ṣú jù kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ sì fín bakitéríà sí ìdí igi pẹ̀lú.

Ẹ má fi gbogbo oko bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìlà mélòó kan sílẹ̀ láìfín, kí ẹ máa ka èso dúdú níbẹ̀ àti níbi tí ẹ fín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ká kòkó.