Ẹsẹ̀ Táǹkì Omi àti Ilẹ̀ Rírọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Ìbàdàn

A kọ ìwé yìí nítorí àwọn táǹkì omi tó ń wó lulẹ̀ ní àsìkò òjò, tí wọ́n ń wó lu ilé adìẹ àti adágún ẹja tí olówó wọn ti náwó náwó lé lórí. A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń ra táǹkì tàbí bí a ṣe ń so páìpù, nítorí ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a wá bá yín sọ, èyí tí a ń bá pàdé láti Mọníyà títí dé Olódó: ẹ ń gbé ẹsẹ̀ irin tó ru táǹkì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán.

Lítà omi kan wọn kílò 1. Táǹkì 1,000 lítà tó kún fún omi jẹ́ 1,000 kílò, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì 20, láìtíì ka ìwúwo irin tó gbé e. Bí irin náà bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kílò 250 ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ irin tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́tùn-ún lósì kò kó ju ojú ilẹ̀ 25 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́tùn-ún lósì lọ, nítorí náà kílò 10 ló ń já lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan náà sórí kọnkéré tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́tùn-ún lósì, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà yóò pín sórí irú ojú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 3,600, kò sì ní tó gíráàmù 70 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kò dín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò lè gbà á. Obìnrin tó bá ti wọ bàtà gogoro lọ sóde ìnáwó lẹ́yìn òjò mọ ohun tí à ń wí, nítorí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ a máa wọlẹ̀ níbi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó wọ sílípáàsì ti ń rìn kọjá.

Àwọn kan a máa dá wẹ́dà lẹ́bi, wọn a sì ní kó lo irin tó nípọn sí i. Irin tó nípọn kò wo àìsàn yìí. Ṣe ló tún ń fi kún ẹrù tí ilẹ̀ ń gbé.

Ẹ wo bí ìṣubú náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjì jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 20, tí àárín gbùngbùn ẹrù omi sì wà ní mítà 3 sókè. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, àárín ẹrù náà yóò ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ní sẹ̀ǹtímítà 25. Bí ènìyàn méjì bá fi ọ̀pá gbé ẹrù, ẹni tí ẹrù sún mọ́ ni ó ń jìyà jù; bákan náà ni ẹsẹ̀ méjì tó rì yóò ṣe máa gbé nǹkan bíi kílò 700 nínú 1,000, tí wọn yóò sì túbọ̀ máa rì. Ọjọ́ tí àárín ẹrù bá kọjá ẹsẹ̀ tó wà níta ni táǹkì yóò dojú dé, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ dá a dúró. Síbẹ̀, a ti rí i tí àwọn èèyàn ń ki òkúta bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó ti rì nígbà tí omi ṣì kún inú táǹkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú èyí. Ẹ tú omi náà dànù tán kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé irin náà dúró, ẹ gbẹ́ ihò fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́tùn-ún lósì, kí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45, títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa líle. Ẹ po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, iyanrìn ìwọ̀n 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n 4, kí ẹ sì dà á ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó kéré tán. Ẹ máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, kí ẹ má sì pọn omi kún táǹkì kó tó pé ọjọ́ 28. Ní àfonífojì odò Ọ̀nà àti Ògùnpa, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró, kọnkéré kan ṣoṣo ni kí ẹ dà sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹsẹ̀ kan má baà rì ju èkejì lọ.

Ẹ má sì tìtorí kí omi lè tú yàà gbé táǹkì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí táǹkì bá ṣe ga tó ni àárín ẹrù yóò ṣe yẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bá rì. Òótọ́ ni pé gíga omi ló ń fún ẹ̀rọ omi lágbára, kì í ṣe títóbi táǹkì: mítà 3 yóò fúnni ní agbára kan náà, ìbáà jẹ́ 500 lítà tàbí 2,000 lítà ló wà lókè.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dúró, ẹ so òkúta mọ́ okùn láti orí irin lókè, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí òkúta náà tọ́ka sí lórí kọnkéré. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, ẹ tún so ó wò. Bí òkúta bá ti kúrò lójú àmì ní sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ tú omi lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pe bíríkìlà.