Ẹ má kàn sọ pé "fèrèsé": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ìjókòó bàálù

Ìgbà kan wà tí mo wọ bàálù láti Ìlọrin lọ sí Àbújá, ohun tó sì jẹ mí lógún jù ni kí n rí Odò Ọya láti òkè. Mo dé kántà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́." Wọ́n fún mi. Fèrèsé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ apá bàálù ló gba gbogbo ojú rẹ̀, bí ẹni gbé ilẹ̀kùn dí mi lójú. Ìṣó orí apá yẹn ni mo kà dé Àbújá.

Ẹ̀bi mi ni. Mo béèrè fèrèsé, n kò béèrè ibi tó wà. Nínú Boeing 737 àti Airbus A320, ìsàlẹ̀ fèrèsé ni apá wà, àárín ọkọ̀ ló sì gbà. Ẹ wá iwájú apá, tàbí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ̀yìn náà ní àléébù tiẹ̀: ooru tó ń tú lẹ́nu ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa gbọ̀n bí ohun téèyàn ń wò lókè iná ààrò. Iwájú lèmi ń mú báyìí. Tó bá jẹ́ ATR 72 ni wọ́n gbé wá, ara máa tù yín, torí òkè orí ọkọ̀ ni apá tiẹ̀ wà. Ẹ tún ṣọ́ra: nínú àwọn Boeing 737 kan, ìjókòó kan wà lápá òsì, níwájú apá díẹ̀, tí kò ní fèrèsé rárá, nítorí ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù ń gbà kọjá ló wà nínú ògiri ibẹ̀.

Lẹ́tà ìjókòó ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lọ sí Mẹ́kà, èmi ni mo kọ́ wọn: "Àlàájà, bí ẹ bá ti rí F, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni." Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjòkòó mẹ́fà lórí ìlà kan. Ọkọ̀ ńlá oníjòkòó mẹ́wàá ló gbé wọn. A àti K ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àárín gbùngbùn ni F bọ́ sí. Wọn ò tíì bu omi zamzam fún mi tí wọ́n fi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, orí èèyàn ni mo wò dé Jẹ́dà."

Èyí táwọn èèyàn kì í rò rárá ni oòrùn. Ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ sí Èkó, gúúsù ló kọjú sí, òsì rẹ̀ sì ni ìlà oòrùn. Tẹ́ ẹ bá jókòó sósì láàárọ̀, ẹ ò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa fa ìbòjú fèrèsé wálẹ̀. Ọ̀tún ló dáa láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ lèmi fẹ́ràn, kí n jókòó sósì, kí oòrùn wà lẹ́yìn mi, kó máa tàn sórí àwọn páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà lọ rẹrẹ. Òsì yẹn náà ni ọ̀sà wà tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Èkó.

Ti Ìlọrin lọ sí Àbújá, òsì ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Àríwá ni Odò Ọya wà sí yín títí ẹ fi máa dé agbègbè Pàtígi, níbi tí odò Kàdúná ti ń ya wọnú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ máa ń gba orí omi kọjá. Nígbà ọyẹ́, oòrùn máa ń fì sí gúúsù, èyí tó jẹ́ ọ̀tún yín, nítorí náà òsì tún máa ń ní ibòòji.

Àmọ́ ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ ká rí nǹkan kan. Tí eruku bá ti bo ojú ọ̀run, ẹ sùn ní tiyín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá ni ilẹ̀ máa ń hàn kedere jù.

Ẹ má fi fóònù ti gíláàsì tẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò, torí ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ẹ pa iná kámẹ́rà pẹ̀lú. Ihò kékeré tẹ́ ẹ máa rí nísàlẹ̀ gíláàsì kì í ṣe pé ó fọ́ o. Òun ló ń jẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ dọ́gba láàárín àwọn gíláàsì náà, kì í sì í jẹ́ kí ìrì bò wọ́n. Mo ti rí bàbá kan tó ká tíṣù, tó fẹ́ fi dí i. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rọra gba tíṣù náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n o," wọ́n bá sún kúrò lẹ́bàá fèrèsé.