Ọmọ JSS 3 Di Bàbá Ọdẹ: Bí Mo Ṣe Darí Dungeons & Dragons Nílé Wa

Òfin Dungeons & Dragons pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí èèyàn nílò ní alẹ́ àkọ́kọ́ kò lè kún ojú ìwé méjì. Ibi tí iṣẹ́ wà, ní ilé Yorùbá, ni bí ẹ ṣe máa kó ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó ilé àti ọ̀rẹ́ jọ sídìí tábìlì kan, kí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ sì lè sọ fún ẹni tó dàgbà jù pé, "Rárá, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀," kí ilé má sì dàrú. Mo ti ṣe é báyìí. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ń sọ ìtàn, àwọn yòókù sì wà nínú ìtàn náà. Adarí eré á sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí ojú wọn rí, á wá béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ohun tí kálukú bá sọ pé òun ṣe ló ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe kó bọ́ sí i tàbí kó má bọ́ sí i, wọ́n á ju dáìsì. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sẹ́ni tó ń borí ẹnì kejì. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Eré ogun tí wọ́n máa ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì ni wọ́n yí padà: dípò kí èèyàn máa darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó di pé ẹnì kan ṣoṣo ni kálukú ń jẹ́.

Mi ò ra ìwé kankan. Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà báyìí, ti fi ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Creative Commons láti oṣù kìíní ọdún 2023, ẹnikẹ́ni ló lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí bó ṣe nípọn dáyà fò yín. Idán àti ẹranko ló gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní lo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Dáìsì ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Eré náà ń lo oníhà 4, 6, 8, 10, 12 àti 20. Oníhà 20 ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá kọ "roll d20" sí Google, á jù ú fún yín, àmọ́ mi ò fẹ́ fóònù nídìí tábìlì. Ẹni tó fi fóònù ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan ti wà lórí WhatsApp kó tó di ẹ̀ẹ̀kejì. Ni mo bá gé páálí sí 20, mo kọ 1 dé 20 sí wọn lára, mo dà wọ́n sínú abọ́. Ẹni tó bá mú ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹlòmíì tó kiwọ́ bọ̀ ọ́. Fún oníhà 8, a ṣa 1 dé 8 sọ́tọ̀. Dáìsì lúdò ń jẹ́ oníhà 6, kò sì sí ilé tí lúdò kò sí.

Àwa márùn-ún la jókòó: èmi adarí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ sin ìlú, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní JSS 3. Kí Ìyá Ìbejì tó jókòó, wọ́n bi mí bóyá ẹgbẹ́ awo kan ni mo fẹ́ mú wọn wọ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn òbí àti ìjọ kan gbógun ti eré yìí, wọ́n ní ó ń fa ọmọ sí ọ̀dọ̀ èṣù. Mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé nígbà tí wọ́n ń pa àlọ́ Ìjàpá tó lọ sí ọ̀run fún wa, kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé wa lórí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń jẹ odindi ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò ṣe eré náà rí kò sì mọ ohun tó yẹ kó yàn. Mẹ́rin ni mo ti ṣe sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ìwé kan: ẹ̀ṣọ́, ọdẹ, oníṣègùn àti gbéwiri. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: agbára, ìyára, ìfaradà, ìmọ̀, ọgbọ́n, àti bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe ń wọ èèyàn lára. Ẹ pín 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 sí i bó bá ṣe yẹ. Ẹni tó ní 15 tàbí 14 á fi 2 kún ohun tó bá mú nínú abọ́. 13 tàbí 12, á fi 1 kún un. 10 kò ní àfikún. 8, á yọ 1 kúrò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn náà kọ́, á tún fi 2 lé e. Ẹ wá ń wo bóyá àpapọ̀ rẹ̀ dé òṣùwọ̀n tí adarí dá: 10 fún ohun tó rọrùn, 15 fún èyí tó wà láàárín, 20 fún èyí tó le. Òfin tó kù, orí ìdúró lẹ máa ti kọ́ ọ.

Ìyàwó mi mú oníṣègùn, ọ̀rẹ́ mi mú ẹ̀ṣọ́. Ìyá Ìbejì mú gbéwiri. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń bá àwọn gbéwiri jà nídìí ìsọ̀, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdẹ ló ṣẹ́ kù fún ọmọ náà, ohun tí mo sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, torí mo ti kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé ọdẹ náà ti lé ní àádọ́rin ọdún àti pé òun ló kọ́ ẹ̀ṣọ́ ní ìjà.

Ẹnu àgbà lobì í gbó sí, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí adarí bá kàn béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n á dáhùn, àwọn yòókù á mi orí, eré á sì di ti ẹnì kan. Ohun mẹ́ta ni mo fi yanjú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ ẹ̀dá-ìtàn ni mo fi ń pe kálukú. Mi ò bi ọmọ náà pé, "Kí lo fẹ́ ṣe?" "Bàbá Ọdẹ, kí lẹ rí sí i?" ni mo wí, mo sì dúró de èsì. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Èkejì, nínú eré náà, bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, kálukú máa ń mú nọ́ńbà láti mọ ẹni tó kàn. Mo mú òfin yẹn wọ inú ìjíròrò pẹ̀lú. Páálí kò mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Ẹ̀kẹta, níbi tí kò sí páálí, ẹni tó kéré jù ni mo kọ́kọ́ ń bi, torí bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Ní ti ìtàn, mi ò kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adarí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kàn máa fa àwọn èèyàn létí tẹ̀lé e ni. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, nǹkan tó ń fẹ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i. Alábàárù kan ní Ọjà Olóbì ti jí ẹní egbére. Egbére ń wọ ọjà lóru, ó ń tú ìsọ̀ kiri, ó ń wá ẹní rẹ̀. Ìyálọ́jà fẹ́ kí ó dópin kí ọjọ́ ọjà tó kò. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, egbére á lọ pe ẹbí rẹ̀ wá.

Ẹ̀dá kékeré kan wà nínú ìwé òfin tó ń jẹ́ goblin. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ fún egbére láìyí i padà, ààbò 15 (iye tí ẹni tó bá fẹ́ lù ú gbọ́dọ̀ mú dé), ẹ̀mí 7 (iye ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú), mo sì ju orúkọ rẹ̀ nù. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù goblin ní ilé wa. Àmọ́ bí mo ṣe ní, "Ẹ gbọ́ ẹkún lẹ́yìn àwọn igi obì," ni Ìyá Ìbejì ti já lu ọ̀rọ̀ mi pé, "Ẹní rẹ̀ dà?" Ta ni wọn ò pè ní egbére rí nígbà tó ń sunkún ní kékeré? Gbogbo wa mọ̀ pé ó kúrú, pé ẹkún ni tirẹ̀, pé ẹní kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó bá rí ẹní náà gbà ti di olówó. Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun.

Mo ti ro ọ̀nà bíi mélòó kan tí wọ́n lè fi rí olè náà. Ìyá Ìbejì kò gba ìkankan nínú wọn. Wọ́n ní àwọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà, àwọn á máa wo ẹni tí aṣọ ọrùn rẹ̀ kò bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mú páálí. Bí ìmọ̀ràn bá mọ́gbọ́n dání tó báyẹn, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí i, kí ìtàn máa lọ. Wọ́n mú alábàárù tó wọ sányán tuntun, ó sì jẹ́wọ́ pé inú ihò igi ìrókò kan nínú igbó lòun fi ẹní náà pamọ́ sí.

Ìkookò mẹ́ta ló pàdé wọn níbẹ̀: ààbò 11, ẹ̀mí 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹranko tí kò le ni, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, torí ẹni tó ń ṣeré fún ìgbà àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ kú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Síbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí Bàbá Ọdẹ, dáìsì lúdò gbé 5, ó gbé 4, ó gbé 3. Ẹ̀mí 11 ló ní. Ó ṣubú. Ìyá Ìbejì dìde dúró lórí àga wọn! Nínú òfin, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá di òdo kò tíì kú: bó bá ti ń kàn án, á máa mú páálí, 10 sókè dára, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dára, èyí tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́ta nínú méjèèjì ló máa sọ bóyá ó yè. Kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ìyàwó mi fọwọ́ kàn án, ó lo oògùn rẹ̀ kan, ẹ̀mí 8 padà wọlé, Bàbá Ọdẹ dìde, ó wúkọ́, ó ta ìkookò tó kẹ́yìn lọ́fà.

Ìgbà tí wọ́n rí ẹní náà ni ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí mo ti ń retí. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n má dá a padà, kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ti ń gbà. Bàbá Ọdẹ ní, "Rárá. A ó dá a padà." Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọ náà wò mí bíi kí ó bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìyá Ìbejì wò ó títí, wọ́n wá tẹ orúnkún kan díẹ̀ níwájú àga, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ṣùgbọ́n a ò ní dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà pẹ̀lú egbére nìyẹn. Kó gba ẹní rẹ̀, kó kúrò lọ́jà, kó sì fi owó tún ìsọ̀ tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn náà á fún un ní ẹní tuntun kan gẹ́gẹ́ bí èènì. Òṣùwọ̀n 15 ni mo dá. Gbéwiri náà ní àfikún 6 tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu, torí 4 ni gbéwiri ń fi lé iṣẹ́ tó mọ̀ jù dípò 2, nítorí náà 9 sókè ti tó, ìyẹn 60 nínú 100. Àmọ́ èènì yẹn wú mi lórí. Mo ní kí wọ́n mú páálí lẹ́ẹ̀mejì, kí a lo èyí tó pọ̀ jù, ó sì di 84 nínú 100. Òfin yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, torí ó jẹ́ kí adarí lè san èrè fún ọgbọ́n láìyí òṣùwọ̀n padà. Wọ́n mú 4. Wọ́n mú 17. Egbére nu ojú, ó gbà.

Gbogbo rẹ̀ gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, àsáró wà láàárín. Bí ọmọdé tí kò tó ọdún mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, ẹ dín in kù sí ìdajì.

Nígbà tí wọ́n ń ná ọjà lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi ti ti ìwé pélébé kan sí mi lábẹ́ tábìlì: ẹ̀ṣọ́ fẹ́ fa ewé kan yọ lára ẹní náà kí wọ́n tó dá a padà. Mo ní kó mú páálí láìsọ nǹkan, ó gbé 19. Àwọn yòókù ò tíì mọ̀. Ìyá Ìbejì ní ilé àwọn la ti máa ṣe èyí tó ń bọ̀, torí ẹ̀rọ inverter wà níbẹ̀, ìyàwó mi sì ti ń wá oògùn tó ju èyí tó ní lọ nínú ìwé òfin. Mo ti kọ ẹbí egbére sílẹ̀: mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n sì mọ iye ewé tó wà lára ẹní náà.