Bí ẹ ṣe máa gba ọ̀dọ́langba tó ti ń ti ilé alágbàtọ́ kan bọ́ sí òmíràn

Kí ọmọ tó dé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí bíírò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè iye ilé tó ti gbé àti ohun tó tú ti ìkẹyìn ká. Oògùn tó ń lò. Oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wà àti ìgbà tí wọ́n ń ríra. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ gba ìwé tó sọ ohun tí ẹ láṣẹ láti fọwọ́ sí fúnra yín: ìtọ́jú nílé ìwòsàn, ìrìn àjò ilé ìwé, sísun nílé ọ̀rẹ́, títí kan gígé irun. Ẹ má fojú kékeré wo ti irun o. Níbi púpọ̀, òbí tó bí ọmọ ṣì lẹ́nu nínú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ìjà sì máa ń ti ibẹ̀ bẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi yàrá rẹ̀, ilé ìwẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tan iná àti ibi tí oúnjẹ wà hàn án, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé. Ẹ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ wá ṣájà fóònù fún un. Ẹ má kàn dì mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpò ìdọ̀tí ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí wá. Báàgì gidi yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e fún un láìsọ ìdí, ó lè rò pé ẹ ti fẹ́ kí òun máa lọ. Ẹ má fọ aṣọ rẹ̀ láìbéèrè, torí òórùn ilé tó ti wá lè ṣì wà lára rẹ̀, ìyẹn nìkan ló sì lè kù fún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ máa ń tètè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ lè bá búrẹ́dì tó ti bàjẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olè kọ́ o. Ọmọ tí ebi ti pa gidi rí, tí kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa oúnjẹ mọ́ de ọ̀la, kò sì ní jáwọ́ torí pé ẹ sọ pé oúnjẹ wà. Ẹ fún un ní ike onídèérí kan nínú yàrá rẹ̀, kí ẹ kó ohun tí kì í tètè bàjẹ́ sí i, irú bíi bisikíìtì, kí ẹ sì máa fi òmíràn rọ́pò èyí tó bá jẹ lójoojúmọ́ láìwí nǹkan kan. Ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má ti fíríìjì pa. Ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó dín kù. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí alágbàtọ́ gba ike náà lọ́jọ́ tí ọmọ bá hùwàkiwà: ohun tó ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ti wá ṣẹ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lè dùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má tíì yọ̀, àlejò ló ṣì ń ṣe. Tí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dán yín wò: á gbá ilẹ̀kùn, á bú yín, á kọ̀ láti lọ sílé ìwé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀yin náà máa lé òun. Nítorí náà, «Màá dá ẹ padà fún wọn» kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín, bí inú ti wù kó bí yín tó.

Nígbà tí inú rẹ̀ bá ń ru lọ́wọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí gbólóhùn yín kúrú. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ má dí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ yòókù kúrò níbẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é, torí ẹni tí ẹ̀rù tàbí ìbínú gbé wọ̀ kò lè ronú débẹ̀. Ẹ dúró títí yóò fi jẹun tàbí sùn. Ọ̀rọ̀ á tún rọrùn tí ẹ kò bá kọjú síra yín, bóyá nínú mọ́tò tàbí nídìí abọ́ fífọ̀.

Ẹ má na án. Kí ìbáwí bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, kó sì tètè parí: ẹni tó fọ́ nǹkan á bá yín tún un ṣe. Ìyà oṣù kan kò nítumọ̀ sí ọmọ tí kò dá lójú pé òun ṣì máa wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ má sì fi ìpàdé pẹ̀lú òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá a wí láé. Ìwé àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ọ́ nínú abala 9 pé ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí wọn déédéé, àyàfi tí yóò bá pa á lára. Ìwà rẹ̀ lè burú sí i lẹ́yìn ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi nǹkan míì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tí òbí kò bá wá, ẹ má bú òbí. «Ó dùn mí pé wọn ò wá» ti tó.

Tó bá sá kúrò nílé, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àti ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ ti ní fọ́tò rẹ̀ tuntun àti orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Tó bá padà, oúnjẹ àti oorun ló kọ́kọ́ kàn, ìbéèrè dọ̀la, àyàfi tó bá farapa tàbí tí ẹ fura pé ẹnì kan pa á lára.

Tí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ lápá rẹ̀, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ ti oògùn mọ́ inú àpótí, ẹ pe dókítà, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Ẹ máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú aago àti ohun tó ṣáájú rẹ̀. «Ó ya aláìgbọràn» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. «Aago 7 alẹ́, ìyá rẹ̀ pè é, aago 7:20, ó ju àga» ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ àti dókítà rí ohun tó ń fà á.

Níbi púpọ̀, ọmọ ọdún 18 ni ìtọ́jú ìjọba máa ń dópin. Láwọn ibòmíràn, ó lè dé 21. Kó tó pé 16 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìlera àti àkáǹtì báńkì tó jẹ́ tirẹ̀. Kó máa se oúnjẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pe ilé ìwòsàn nígbà tó bá fẹ́ rí dókítà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí èkejì wà lọ́dọ̀ yín, torí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ nù níbi tó bá ti ń kó kiri.